Kí Ló Ń Ti Olùṣọ́-Àgùntàn Sẹ́nu Iṣẹ́?

Nígbà tí Àpọ́sítélì Pétérù kọ̀wé sí àwọn onígbàgbọ́ tó fọ́n káàkiri Pọ́ńtù, Gálátíà, Kapadókíà, Éṣíà àti Bítíníà, ara kò rọ àwọn ìjọ wọ̀nyẹn rárá. Ayé ń kẹ́gàn wọn, wọ́n sì ń fẹ̀sùn èké kàn wọ́n nítorí orúkọ Kristi. Ní orí karùn-ún ìwé náà, Pétérù yíjú sí àwọn alàgbà tó ń tọ́jú wọn. Ẹni tó bá fara balẹ̀ kà á yóò rí i pé kò sọ ohunkóhun fún wọn níbẹ̀ nípa bí ìwàásù ṣe ń dùn tàbí bí a ṣe ń darí ìsìn. Ó ní kí wọ́n máa bọ́ agbo Ọlọ́run, ó sì kìlọ̀ nípa ohun mẹ́ta tó lè ba iṣẹ́ náà jẹ́ láti inú ọkàn ẹni tó ń ṣe é: kí ó máa ṣe é nítorí pé kò rí ọ̀nà yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, kí ó máa ṣe é nítorí èrè, kí ó máa ṣe é kí ó lè rí ẹni jọba lé lórí.

Kò sí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ojú wa kò tíì rí nílẹ̀ Yorùbá. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ ṣàlàyé iṣẹ́ olùṣọ́-àgùntàn lónìí, ohun tí iṣẹ́ náà jẹ́ àti ohun tó yẹ kó máa ti ènìyàn sẹ́nu rẹ̀. A kò kọ ọ́ fún àwọn àlùfáà àti pásítọ̀ nìkan. Ọmọ ìjọ tí kò mọ ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe fún un kò lè mọ ìgbà tí wọ́n ń tọ́jú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò lè mọ ìgbà tí wọ́n ń rẹ́ ẹ jẹ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ àgùntàn ní ilẹ̀ tí Bíbélì ti wá, nítorí tiwa yàtọ̀. Àgùntàn tiwa kì í sábà ní olùṣọ́. Ìgboro ni wọ́n ti ń jẹ èèpo iṣu àti èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, bí ó bá di ìrọ̀lẹ́ wọ́n á dá wálé fúnra wọn. Ní òkè Jùdíà, ilẹ̀ gbẹ, omi jìnnà síra, ìkookò àti olè kò sì sinmi. Àgùntàn tí kò lẹ́ni tó ń ṣọ́ ọ níbẹ̀, ikú ló ń rìn lọ bá. Olùṣọ́ a máa ṣáájú, agbo a máa tẹ̀lé ohùn rẹ̀, bí ilẹ̀ bá sì ṣú, pápá kan náà ni gbogbo wọn jọ ń sùn. Nígbà tí Jésù sọ nínú Ìhìn Rere Jòhánù orí 10 pé olùṣọ́ rere mọ àwọn tirẹ̀, tó sì ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan ní orúkọ, ohun tí àwọn tó ń gbọ́ ọ ń rí lójoojúmọ́ ló ń sọ. Ó tún dárúkọ alágbàṣe, ẹni tó gba owó láti ṣọ́ agbo, tó sì fẹsẹ̀ fẹ nígbà tí ìkookò dé. Ní ọjọ́ tí ara dẹ gbogbo ènìyàn, olùṣọ́ àti alágbàṣe jọra wọn. Aṣọ kan náà ni wọ́n wọ̀, ọ̀pá kan náà ló wà lọ́wọ́ wọn.

Wòlíì Ìsíkíẹ́lì, tó ń sọ̀rọ̀ láàárín àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Bábílónì, ti tú ọ̀rọ̀ yìí wò ṣáájú. Nínú orí 34 ìwé rẹ̀, ó dá àwọn olórí Ísírẹ́lì lẹ́jọ́ bí olùṣọ́ tó ń bọ́ ara wọn. Wọ́n ń jẹ ọ̀rá, wọ́n ń fi irun àgùntàn bora, wọ́n sì ń pa èyí tó sanra. Lẹ́yìn náà ló ka ohun tí wọn kò ṣe: aláìlera wà, wọn kò fún un lókun, aláìsàn wà, wọn kò wò ó sàn, èyí tó ṣẹ́ lẹ́sẹ̀ wà, wọn kò dì í, èyí tí wọ́n lé lọ wà, wọn kò mú un padà, èyí tó sọnù wà, wọn kò wá a. Mo ti ka ẹ̀sùn yẹn lọ ka á bọ̀. Kò sí ibi kan nínú rẹ̀ tí Ọlọ́run ti ní agbo wọn kéré, tàbí pé ilé tí wọ́n kọ́ kò tóbi tó. Gbogbo ẹ̀sùn náà ló ní ẹnì kan nínú, ẹnì kan tí ohun kan ń ṣe, tí a sì mọ ohun tó ń ṣe é.

Níbẹ̀ ni ìdáhùn sí ìbéèrè tó wà lókè ìwé yìí wà. Ọlọ́run nìkan ló ń rí ọkàn. Ṣùgbọ́n ẹni tí pásítọ̀ ń fún ní àkókò rẹ̀ kò fara sin fún ẹnikẹ́ni. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tó ń tì í, ẹ wo ilé tó ń yà ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ nígbà tí kò sí kámẹ́rà.

Ìwàásù kò wọ́n mọ́ láyé òde òní. Rédíò ń wàásù kí ilẹ̀ tó mọ́, fóònù ń wàásù nínú mọ́tò, ẹ̀rọ gbohùngbohùn ìsọ́ òru kò sì jẹ́ kí àdúgbò sùn. Ohun tó wọ́n ni ẹni tó mọ̀ pé ẹ kò wá sí ṣọ́ọ̀ṣì fún Ọjọ́ Ìsinmi mẹ́ta, tó sì wá kan ilẹ̀kùn yín láti béèrè bóyá kò sí nǹkan.

Ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, àlùfáà kan wà ní England tó ń jẹ́ Richard Baxter. Kidderminster, ìlú àwọn ahunṣọ, ni wọ́n fi ìjọ rẹ̀ sí. Ní 1655, àwọn àlùfáà agbègbè náà fẹ́ pàdé ní Worcester láti gbààwẹ̀ àti láti ronú pìwà dà nítorí bí wọ́n ti ṣe dẹwọ́ nínú iṣẹ́. Baxter ló yẹ kó bá wọn sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n àìsàn dá a dúró sílé. Ọ̀rọ̀ tó ti múra sílẹ̀ di ìwé ní 1656, ìwé tí wọ́n ń pè ní The Reformed Pastor, tí àwọn ilé ẹ̀kọ́ àlùfáà ṣì ń lò títí di òní. Ohun tó ní kí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe rọrùn láti sọ, ó ṣòro láti ṣe. Òun àti igbákejì rẹ̀ ti ya ọjọ́ Ajé àti ọjọ́ Ìṣẹ́gun sọ́tọ̀ láti àárọ̀ títí fẹ́rẹ̀ẹ́ di alẹ́, wọ́n sì ń jókòó pẹ̀lú ìdílé 15 tàbí 16 lọ́sẹ̀, ìdílé kan lẹ́yìn òmíràn, kí wọ́n lè kárí ìdílé tó lé ní 800 láàárín ọdún kan. Wọ́n á béèrè ohun tí kálukú mọ̀ nípa ìgbàgbọ́, wọ́n á gbọ́ ìṣòro rẹ̀, wọ́n á gbà á nímọ̀ràn.

Ohun tí Baxter rí níbẹ̀ yẹ kó ba gbogbo oníwàásù lẹ́rù. Ó rí àwọn tó ti ń gbọ́ ìwàásù fún ọdún gbọọrọ tí wọn kò mọ ohun àkọ́kọ́ nínú ẹ̀kọ́ Kristi. Ó sì sọ pé ìjíròrò ojúkojú fún ìdajì wákàtí ti ṣe àwọn kan láǹfààní ju ìwàásù ọdún mẹ́wàá lọ. Oníwàásù gidi ni Baxter, èrò ń wọ́ lọ gbọ́ ọ. Bí irú rẹ̀ bá lè sọ pé ìwàásù nìkan kò tó, a jẹ́ pé ó yẹ kí àwa náà gbọ́.

Ẹnì kan á ní ìjọ òun lé ní ẹgbẹ̀rún, ta ni yóò bẹ gbogbo wọn wò? Ìbéèrè tó dára ni. Kò sí ẹni tó ní kí ènìyàn kan ṣoṣo ṣe é. Lọ́dún 1742 ní Bristol, àwọn ọmọ ẹ̀yìn John Wesley, oníwàásù Mẹ́tọ́díìsì, jẹ gbèsè ilé ìpàdé wọn. Wọ́n pinnu pé kí kálukú máa dá pẹ́nì kan lọ́sẹ̀, kí wọ́n pín ènìyàn sí ọ̀wọ́ méjìlá méjìlá, kí olórí ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan máa lọ gba owó náà láti ilé dé ilé. Bí àwọn olórí wọ̀nyí ti ń wọ ilé ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rí bí àwọn ènìyàn ṣe ń gbé: ọ̀mùtí kan rèé, tọkọtaya kan ò bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́, ebi ń pa ìdílé kan. Kò pẹ́ tí ọ̀wọ́ agbowó fi di ọ̀wọ́ ìtọ́jú ọkàn. Kíláàsì tí a jogún nínú àwọn ìjọ wa, ibẹ̀ ló ti ṣẹ̀. Ó dùn mí láti sọ ọ́ pé ní ọ̀pọ̀ ibi lọ́dọ̀ wa, òdìkejì ló ṣẹlẹ̀: ọ̀wọ́ tó yẹ kó máa tọ́jú ènìyàn ti padà di ti owó, ẹni tí kò bá sì san owó kíláàsì ni wọ́n ń rántí orúkọ rẹ̀, pàápàá nígbà tó bá kú tí àwọn ọmọ rẹ̀ wá béèrè àlùfáà tí yóò sin ín. Ìwé gbèsè ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ ṣí.

Ọ̀rọ̀ àìsàn wà lára ohun tó yẹ ká dúró lé. Jákọ́bù orí 5 sọ pé kí aláìsàn ránṣẹ́ pe àwọn alàgbà ìjọ kí wọ́n wá gbàdúrà lórí rẹ̀. Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn 1918 dé ilẹ̀ wa, àwọn ọmọ ìjọ kan ní St. Saviour's ní Ìjẹ̀bú-Òde kóra jọ láti gbàdúrà, Joseph Sadare àti Sophia Odunlami wà lára wọn. Láti inú ìkójọpọ̀ yẹn ni ẹgbẹ́ kan ti jáde tó wà lára gbòǹgbò ìjọ tí a mọ̀ sí Christ Apostolic Church lónìí. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ní àkókò ikú, ẹni tó bá dúró ti àwọn ènìyàn ni wọn yóò máa tẹ̀lé. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ náà kọ oògùn lílò sílẹ̀, mi ò sì lè gbóríyìn fún èyí. Ní Abẹ́òkúta, àlùfáà Kátólíìkì ará Faransé kan, Bàbá Coquard, gbàdúrà fún àwọn aláìsàn, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ tọ́jú egbò wọn. Ilé ìwòsàn Sacred Heart tó wà ní Lántòrò láti 1895 kò ṣeé sọ ìtàn rẹ̀ láìdárúkọ rẹ̀. Àdúrà àti oògùn kì í ṣe ọ̀tá. Pásítọ̀ tó bá ní kí ẹlẹ́jẹ̀ ríru da oògùn nù ti jáde kúrò nínú iṣẹ́ tí a gbé lé e lọ́wọ́. Ohun tó wà níkàáwọ́ rẹ̀ ni kí ó lọ síbi ibùsùn, kí ó di ọwọ́ aláìsàn mú, kí ó gbàdúrà, kí ó béèrè bóyá wọ́n ti jẹun nílé, kí ó má sì pẹ́ jù débi tí yóò rẹ aláìsàn.

Iṣẹ́ mìíràn tún wà tí ojú kì í rí, òun ni pípa àṣírí mọ́. Ẹni tó bá sọ fún pásítọ̀ rẹ̀ pé ọkọ òun ń lu òun, tàbí pé òun ṣẹ́yún nígbà tí òun wà ní ilé ẹ̀kọ́, ti fi ẹ̀mí rẹ̀ lé e lọ́wọ́. Kò yẹ kí ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà padà láti orí àga ìwàásù ní Ọjọ́ Ìsinmi, bí wọn ò tilẹ̀ dárúkọ rẹ̀. Kò yẹ kí ìyàwó pásítọ̀ fi wò ó lójú níbi ìpàdé ìyá. Èyí tó burú jù ni kí pásítọ̀ fi ohun tí ẹnì kan finú hàn án sọ̀rọ̀ bí ìran, kí ìjọ lè máa pariwo pé wòlíì ńlá ni. Olè jíjà ni. Ibi kan ṣoṣo ni ẹnu gbọ́dọ̀ ti ṣí: bí wọ́n bá ń fìyà jẹ ọmọdé tàbí tí ẹ̀mí ẹnì kan wà nínú ewu, àṣírí kò gbọdọ̀ di ibi ìsápamọ́ fún ìkà. Pásítọ̀ ọkùnrin tí ọmọ ìjọ obìnrin bá sì wá bá fún ìmọ̀ràn, kí ó jókòó síbi tí ojú ti lè rí wọn kódà bí etí ò bá gbọ́. Èyí dáàbò bo àwọn méjèèjì.

Ẹ jẹ́ ká padà sí ohun mẹ́ta tí Pétérù sọ.

Ti àkọ́kọ́ kò gùn. Àwọn kan bá ara wọn lẹ́nu iṣẹ́ yìí nítorí pé bàbá wọn ṣe é, àwọn mìíràn nítorí pé iṣẹ́ kò sí nígboro, àwọn mìíràn nítorí pé ẹnì kan sọ fún wọn nínú ìran pé bí wọ́n bá sá, wọ́n á kú. Iṣẹ́ tí a fi ẹ̀rù wọ̀, ẹ̀rù la ó fi máa ṣe é, a ó sì fi kó ẹ̀rù bá ẹlòmíràn. Jòhánù Kirisósítómù, ọ̀kan lára àwọn baba ìjọ ayé àtijọ́, sá nígbà tí wọ́n fẹ́ fi í joyè nínú ìjọ, ó sì kọ odidi ìwé láti ṣàlàyé bí iṣẹ́ àlùfáà ti wúwo tó. Ó padà gba iṣẹ́ náà nígbà tó mọ ìwọ̀n rẹ̀. Irú sísá bẹ́ẹ̀ dára ju kí ènìyàn wọlé láìwẹ̀yìn.

Ti owó ló ń bí wa nínú jù, òun náà la sì ń ṣì sọ jù. Gbígba owó oṣù kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ fún pásítọ̀. Pọ́ọ̀lù kọ ọ́ sí àwọn ará Kọ́ríńtì, ní orí 9 ìwé kìíní, pé ẹni tó ń wàásù ìhìn rere ní ẹ̀tọ́ láti jẹ níbẹ̀. Nínú orí kan náà ló ti sọ pé òun fúnra òun kò lo ẹ̀tọ́ náà lọ́dọ̀ wọn. Iṣẹ́ àgọ́ ló ń ṣe jẹun ní Kọ́ríńtì, òun àti Ákúílà. Nígbà tó ń dágbére fún àwọn alàgbà Éfésù ní Mílétù, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún mẹ́ta tó ti lò láàárín wọn, ó rán wọn létí pé òun kò ṣojúkòkòrò sí fàdákà, wúrà tàbí aṣọ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá lè sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lójú àwọn tó bá gbé, tí ẹnikẹ́ni kò sì jà á níyàn, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ní Peckham àti Old Kent Road ní London, níbi tí ìjọ àwọn ọmọ Yorùbá pọ̀ sí, ọ̀pọ̀ pásítọ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ mìíràn láàárín ọ̀sẹ̀ bíi ti Pọ́ọ̀lù. Ó ń rẹ̀ wọ́n, àbẹ̀wò wọn sì lè má tó, ṣùgbọ́n ọmọ ìjọ wọn mọ̀ pé kì í ṣe àpò òun ni wọ́n ń wò.

Láyé àtijọ́, àwọn baba ńlá wa nínú ìgbàgbọ́ kò fẹ́ kí òyìnbó máa bọ́ àlùfáà wọn títí ayé. Henry Venn, akọ̀wé ẹgbẹ́ ajíhìnrere CMS ní London fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún, ló ń tẹnu mọ́ ọn pé ìjọ gbọ́dọ̀ lè bọ́ ara rẹ̀, kí ó darí ara rẹ̀, kí ó sì tan ìhìn rere fúnra rẹ̀. Nígbà tí àwọn ìjọ Áńgílíkà kan l'Ékòó bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ àlùfáà ọmọ ìbílẹ̀ tiwọn láàárín ọdún 1870 sí 1880, owó kékeré kékeré ni àwọn oníṣòwò àti oníṣẹ́ ọwọ́ ń kó jọ. Ohun iyì ni. Àlùfáà ń jẹ nínú ohun tí ìjọ ń jẹ, ó sì mọ iye tó ná wọn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí padà ni ìgbà tí orílé-iṣẹ́ àwọn ìjọ kan bẹ̀rẹ̀ sí í dá iye owó lé àwọn pásítọ̀ lórí, iye tí ìjọ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ fi ránṣẹ́ lóṣooṣù. Pásítọ̀ tí kò bá rí i kó jọ mọ̀ pé wọ́n lè gbé òun lọ sí abúlé. Ẹ rò ó wò: irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ lè ti wọṣẹ́ pẹ̀lú ọkàn tó mọ́. Lẹ́yìn ọdún méjì, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í mọ àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀ nípa ohun tí wọ́n lè mú wá. Yóò lọ síbi ìsọmọlórúkọ agbaṣẹ́ṣe ilé kíkọ́ olówó ńlá, yóò sì rán díákónì lọ sí ti akẹ́kọ̀ọ́ṣẹ́ télọ̀. Opó tí ìdámẹ́wàá rẹ̀ jẹ́ igba náírà kò ní rí i mọ́. Mi ò gbà pé ìwà búburú pásítọ̀ nìkan ló fa èyí. Ìlànà tí àwọn tó wà lókè gbé kalẹ̀ ló ń sọ olùṣọ́ di alágbàṣe, àwọn ló sì yẹ kó kọ́kọ́ dáhùn.

Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí òfin CAMA tuntun ní oṣù kẹjọ 2020, èyí tó fún àjọ tó ń forúkọ sílẹ̀ fún iléeṣẹ́ ní agbára láti dá àwọn alábòójútó ìjọ àti àwọn ẹgbẹ́ mìíràn dúró bí ìwà àìtọ́ bá wà, àwọn olórí ìjọ bínú. Wọ́n ní ìjọba ń wọ inú ilé Ọlọ́run. Ẹ̀rù ìjọba tó ń bà wọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ asán. Ṣùgbọ́n Pọ́ọ̀lù ti fi ọ̀nà mìíràn hàn tí kò fi ní sí àyè fún ìfura. Nígbà tí wọ́n ń kó owó ìrànlọ́wọ́ jọ fún àwọn tálákà Jerúsálẹ́mù, 2 Kọ́ríńtì orí 8 sọ fún wa pé àwọn ìjọ fúnra wọn ló yan ẹni tí yóò bá a gbé owó náà lọ, nítorí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí ohun fẹ̀sùn kàn án. Àpọ́sítélì ni, síbẹ̀ kò ní kí wọ́n fọkàn tán òun lásán. Ìjọ tó bá ń ka ìṣirò owó sókè lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, tí ẹni tí kì í ṣe ìbátan pásítọ̀ sì ń yẹ̀ ẹ́ wò, ti mú ìdẹwò ńlá kan kúrò lọ́nà olùṣọ́ rẹ̀.

Ti jíjẹ gàba ṣòro láti mọ̀, nítorí ó lè wọ aṣọ ìtara. James Johnson, tí àwọn ará Èkó ń pè ní Holy Johnson, jẹ́ ẹni tí kò sẹ́ni tó lè fẹ̀sùn owó tàbí ìwà ìbàjẹ́ kàn. Ní 1877 wọ́n fi í ṣe alábòójútó iṣẹ́ CMS ní àwọn ìlú òkè Yorùbá, ó sì fi Abẹ́òkúta ṣe ibùjókòó. Ó dojú ìjà kọ ẹrú níní láàárín àwọn onígbàgbọ́, ó sì fẹ́ kí wọ́n máa dá owó tó pọ̀ sí i láti gbọ́ bùkátà ìjọ. Lójú mi, ẹjọ́ rẹ̀ tọ́ pátápátá lórí ọ̀rọ̀ ẹrú. Ṣùgbọ́n àṣẹ ló fi ń ṣe é, kò sì ní sùúrù fún àwọn àgbà ìlú. Wọ́n takò ó, nígbà tó sì fi di 1880, CMS ti mú un kúrò níbẹ̀. Ó padà sí ìjọ Breadfruit l'Ékòó, ibẹ̀ ló ti bójú tó ìjọ kan náà fún ogún ọdún kí wọ́n tó fi í ṣe igbákejì bíṣọ́ọ̀bù ní 1900. Pétérù ní kí alàgbà jẹ́ àpẹẹrẹ fún agbo. Àpẹẹrẹ ń gba àkókò. Àṣẹ yá ju àpẹẹrẹ lọ, ṣùgbọ́n ibi tó ń gbé ènìyàn dé kò jìnnà.

Jíjẹ gàba ti òde òní kò tilẹ̀ ní irú ìdí rere bẹ́ẹ̀. Pásítọ̀ ló ń yan ẹni tí ọ̀dọ́bìnrin yóò fẹ́. Pásítọ̀ ló ń sọ bóyá kí ẹnì kan gba iṣẹ́ ní Àbújá. Ẹni tó bá béèrè ìbéèrè, wọ́n á ní kí ó má fọwọ́ kan ẹni àmì òróró. Ó yẹ kí a tú ọ̀rọ̀ yìí palẹ̀ dáadáa. Nígbà tí Dáfídì kọ̀ láti fọwọ́ kan Sọ́ọ̀lù, pípa ni àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ní kó pa á. Kò sí ẹni tó ní kí ó má bá Sọ́ọ̀lù wí. Kódà Dáfídì dúró lókèèrè, ó ké pe Sọ́ọ̀lù, ó sì bi í léèrè lójú gbogbo ọmọ ogun ìdí tó fi ń lépa òun. Nígbà tí Dáfídì fúnra rẹ̀ di ẹni àmì òróró tó sì gba aya Ùráyà, Nátánì wọlé tọ̀ ọ́, ó sì dá a lẹ́bi lójú ara rẹ̀. Pọ́ọ̀lù bá Pétérù wí ní Áńtíókù níwájú gbogbo ènìyàn, ó kọ ọ́ sínú Gálátíà orí 2 kí gbogbo ayé lè kà á. Pétérù tó gba ìbáwí yẹn kan náà ló wá kọ̀wé sí àwọn alàgbà pé kí wọ́n má ṣe jẹ gàba, ó sì pe ara rẹ̀ ní alàgbà bíi tiwọn.

Kí ló wá yẹ kó máa ti ènìyàn? Ìtàn Pétérù náà ló dáhùn. Ẹni tó ti sẹ́ Jésù lẹ́ẹ̀mẹta ni Jésù bi léèrè lẹ́ẹ̀mẹta létí òkun, gẹ́gẹ́ bí Jòhánù orí 21 ti sọ. Ìbéèrè náà dá lórí ìfẹ́, ẹ̀yìn ìdáhùn kọ̀ọ̀kan ni ó ń fi àgùntàn lé e lọ́wọ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa kì í kíyè sí ni pé kò bi í bóyá ó fẹ́ràn àwọn àgùntàn. Ó bi í bóyá ó fẹ́ràn òun. Mo rò pé ìdí rẹ̀ kò ju pé àgùntàn máa ń já ènìyàn kulẹ̀. Ẹni tí ẹ sùn tì ní ilé ìwòsàn lè lọ sí ìjọ mìíràn lọ́sẹ̀ kejì láìdágbére. Ẹni tí ẹ parí ìjà òun àti ìyàwó rẹ̀ lè máa sọ ọ̀rọ̀ yín lẹ́yìn. Pásítọ̀ tí ìyìn àwọn ènìyàn ń bọ́ yóò bínú, yóò sì fi ìbínú náà wàásù. Ẹni tó ń ṣe é nítorí Ẹni tó ni agbo yóò rí agbára padà sẹ́nu ọ̀nà ilé kan náà. Pọ́ọ̀lù sọ fún àwọn ará Tẹsalóníkà pé òun ṣe jẹ́jẹ́ láàárín wọn bí ìyá tó ń tọ́ ọmọ rẹ̀, tó sì ṣe tán láti fún wọn ní ẹ̀mí òun pàápàá. Ìyá kì í béèrè owó ọmú.

Síbẹ̀, ìyá tí kò jẹun kò ní rí wàrà. Àwọn ìjọ wa ń ṣe nǹkan kan tó ń dùn wá: wọ́n fẹ́ kí pásítọ̀ wà fún gbogbo ìsìnkú, gbogbo ìkómọjáde, gbogbo ìsọ́ òru, kí ó má sì ṣàìsàn. Hébérù orí 13 sọ fún ọmọ ìjọ pé kí wọ́n jẹ́ kí àwọn tó ń ṣọ́ ọkàn wọn lè ṣe é pẹ̀lú ayọ̀, kí ó má jẹ́ pẹ̀lú ìkérora, nítorí ìkérora náà kò ní ṣe wọ́n láǹfààní. Kí ìgbìmọ̀ ìjọ san owó oṣù rẹ̀ lásìkò. Kí ó ní ọjọ́ kan lọ́sẹ̀ tí wọn kò ní pè é, àyàfi bí ikú bá dé. Kí ó ní àgbà kan lẹ́nu iṣẹ́ náà tí òun náà lè finú hàn, nítorí olùṣọ́ náà jẹ́ àgùntàn. Bí ìyàwó rẹ̀ bá ń ṣiṣẹ́ ìjọ ní kíkún, kí wọ́n mọ̀ pé iṣẹ́ ló ń ṣe, kí wọ́n má kà á sí ẹ̀bùn tó bá ìgbéyàwó wá.

Nígbà tí wọ́n bá sì gbé pásítọ̀ kúrò lọ sí ìjọ mìíràn, ìwé méjì ló yẹ kó fi lé ẹni tó ń bọ̀ lọ́wọ́. Ìwé owó ni àkọ́kọ́, gbogbo ìjọ ló sì mọ bí wọ́n ṣe ń gbà á. Èkejì ni orúkọ àwọn tí kò lè jáde nílé mọ́ àti ilé tí wọ́n ń gbé, orúkọ àwọn tó ń ṣọ̀fọ̀, ti àwọn tó ń lọ sí ilé ìwòsàn déédéé, ti ẹni tó wà lẹ́wọ̀n, ti àwọn tó bínú kúrò àti ìdí tí wọ́n fi bínú bí kò bá jẹ́ àṣírí. Ìgbìmọ̀ ìjọ tó bá gba ìwé kìíní láìbéèrè èkejì, kí wọ́n dá pásítọ̀ náà jókòó kí ó kọ ọ́ kí ó tó di ẹrù rẹ̀.